Bí A Ṣe Ṣòkú Àńtí Peigi Nílé Murdena

Ẹ wò ó, kí ẹnikẹ́ni tó fi àwa ará Gannet Cove ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ṣòkú ẹni tí ìyá kankan ò bí rí, kó kọ́kọ́ jókòó ná, kó jẹ́ kí n ròyìn Murdena MacAskill fún un. Èmi Lauchie Gillis ni mò ń sọ̀rọ̀. Títì ló la ilé èmi àti Murdena láàárín, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn tí kò ṣojú mi.

Murdena ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé iṣẹ́ ẹja ló ti lo ọjọ́ ayé ẹ̀, orí ẹja ló ń gé, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Ọkọ ẹ̀ kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Roddie, bá iṣẹ́ epo lọ sí Alberta, ní òdìkejì Kánádà lọ́hùn-ún, bíi gbogbo ọ̀dọ́ wa, ó wá ku òun nìkan nínú ilé. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kò sì lẹ́nu púpọ̀. Síbẹ̀, ibikíbi tí ẹ bá dé ní erékùṣù wa, Cape Breton, tí ẹ dárúkọ ẹ̀, wọ́n á ní, "Háà, Peigi wa!" Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Nílùú wa, tí èèyàn bá sọ pé "Ìwé," Bíbélì kọ́ ló ń wí. Ìwé ìtàn tí tíṣà kan kọ nípa ìlú wa láyé àwọn bàbá wa ló ń wí, èyí tí wọ́n fi ń yọ ọmọ ilé-ìwé lẹ́nu káàkiri Kánádà títí dòní. Ìdílé apẹja kan ló dá lé. Nínú ilé náà, Àńtí Peigi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù láti ojú ewé kìíní. Òkun ti gbé àfẹ́sọ́nà ẹ̀ lọ, láti ọjọ́ náà ló ti panu mọ́. Wọ́n bímọ, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbéyàwó, kò sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ rì, ebi pa wọ́n, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, Peigi ò la ẹnu. Ó wá di ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wọ́n, gbogbo ilé ń sunkún, Peigi bá gbójú sókè, ó ní, "Ta ló jẹ ṣáwá mi?" Ìwé parí síbẹ̀. Ó dá mi lójú pé tíṣà yẹn fúnra ẹ̀ ò mọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Àwa kì í rín in. Gbogbo ìgbà ooru la máa ń fi Ìwé ṣeré ní gbọ̀ngán panápaná, Murdena ló sì ń ṣe Peigi láti ìgbà tí ewú ò tíì dé orí ẹ̀. Á da ìborùn dúdú bora, á jókòó ti sítóòfù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò ní mira. Tó bá wá sọ pé "Ta ló jẹ ṣáwá mi?", àwọn àlejò tó ti Toronto wá á bú sẹ́kún. Mo ti rí adájọ́ kan tó ń fi táì nu imú. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mi ò lè ṣàlàyé. Bíi pé gbogbo ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láyé ló ń bèèrè.

Èmi náà ń ṣeré. Èmi ni òkú àfẹ́sọ́nà Peigi. Kí n tó wọlé, wọ́n á da garawa omi òkun kan lé mi lórí lẹ́nu ọ̀nà, màá wọlé, màá dúró, omi á máa ro tótótó sílẹ̀, màá jáde. Mi ò sọ nǹkan kan. Òtútù àyà ti dá mi dùbúlẹ̀ rí nítorí iṣẹ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ tún gbọ́ èyí: àwọn ará inú Ìwé, ẹbí wa ni wọ́n. Tena MacIsaac, ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì fẹ́ràn àṣẹ ju Bíṣọ́ọ̀bù lọ, á sọ fún yín pé ìbátan bàbá ìyá òun ni Peigi. Tí ẹ bá bi í pé báwo ni ẹni inú ìwé ṣe ń ní ìbátan, á wò yín látòkè délẹ̀, á ní, "Ọmọ ta nìwọ gan-an?"

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ Murdena lọ́kàn. Roddie ti lọ kí ìyá ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ eré, kò tíì rí i rí níbi tó ti ń ṣe Peigi, kì í sì í wálé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wálé láti ọjọ́ tó ti lọ, ìyẹn nígbà ìsìnkú bàbá ẹ̀, kí iyẹ̀pẹ̀ tó gbẹ lórí sàréè, ó ti wọ bàálù padà. Gbogbo ìgbà ooru ni Murdena ń pè é. "Roddie, wá wò mí lọ́dún yìí." "Màmá, iṣẹ́ ò gbà. Ó di ọdún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀ ò dé rí.

"Lauchie," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan, "ikú ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó jẹ́ pé òkú mi ni ọmọ mi máa wá wò."

"Tí ebi bá pa á, á wálé," ni mo wí. Mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín ni, kò rẹ́rìn-ín.

Àfi bá a ṣe gbọ́ pé àwọn onítẹlifíṣọ̀n fẹ́ sọ Ìwé di fíìmù. Wọn ò yà á lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wá wo òkun wa, wọ́n ní kò jọ òkun tó, wọ́n gba ilẹ̀ ibòmíràn lọ. A fara mọ́ ọn. Murdena pe Roddie lórí fóònù, mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, o ò lè wá. Fíìmù Ìwé ń bọ̀ wá bá ẹ níbi tó o wà. Sọ́ńdè yìí, jókòó wò ó. Ibi tí Peigi bá ti la ẹnu, kó o mọ̀ pé ohun tí ìyá ẹ ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Tó bá tán, pè mí."

"Mo gbọ́, Màmá. Màá wò ó, màá pè yín."

Ó ṣèlérí. Inú Murdena dùn débi pé ó ń kí èèyàn kó tó di pé wọ́n kí i, ohun tí kì í ṣe.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, gbogbo ìlú kó sí gbọ̀ngán panápaná. A ta aṣọ ibùsùn Tena mọ́ ògiri, a tan fíìmù sí i lára. Murdena jókòó síwájú pátápátá, ó ti da ìborùn Peigi bora. Fíìmù ò tíì lọ jìnnà tí ariwo fi sọ.

"Ẹ wo oòrùn! Inú òkun ló ń wọ̀ sí!" Archie Beaton ló pariwo, apẹja ni. "Láti ìgbà wo ni oòrùn ti ń wọ̀ síbi tó ti ń yọ? Àbí orí ẹ̀ ti dàrú ni?"

"Ta ló fi ọṣẹ wẹ àgùntàn yẹn?"

"Ẹ wo eyín lẹ́nu ọmọkùnrin yìí! Apẹja wo ló ní eyín tó tó yẹn?" Johnny Hector ló sọ ìyẹn, òun tó jẹ́ pé eyín tó kù lẹ́nu ẹ̀ ò tó fọ́ ẹ̀pà.

"Edé ńlá ni wọ́n ń jẹ níbi ìgbéyàwó," ni Tena wí, ó káwọ́ lérí. "Edé ńlá! Ọmọ tó bá gbé edé ńlá lọ sílé-ìwé láyé ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ilé ló ti ń jẹ ẹ́ torí ìtìjú, oúnjẹ tálákà ni. Wọ́n ti bà wá lórúkọ jẹ́."

Òkú àfẹ́sọ́nà wá wọlé. Ẹ gbà mí o! Kò wọ ẹ̀wù. Àyà ẹ̀ le bíi pákó, wọ́n ti fi òróró pa á kó lè máa dán, ó sì gbẹ táútáú. Mo dìde. "Ó gbẹ!" ni mo pariwo. "Ẹni tó kú sómi, ó gbẹ! Kí ni mo wá ń gba omi òkun sórí fún láti ọjọ́ yìí?"

"Lauchie, jókòó," ni Tena wí. "Ikùn ẹ ń dí wa lójú. Ọpẹ́ ni pé wọn ò gbé òun náà sórí tẹlifíṣọ̀n."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo jókòó.

Ṣùgbọ́n Peigi dà? Àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù lóòótọ́, ajá ló sùn sórí ẹ̀. A wò títí. Murdena ń sọ fún àwọn tó wà nítòsí ẹ̀ pé, "Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ de ìparí ni. Ẹ ní sùúrù." Ìparí dé. Ilé ń sunkún. Ọmọkùnrin eléyín yẹn wọlé láti ìta, ó rí ṣáwá nínú àwo lórí tábìlì, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ó fẹnu ko ọmọbìnrin kan lẹ́nu, orin bẹ̀rẹ̀, ó parí.

"Òun ló jẹ ẹ́," ni Johnny Hector wí jẹ́jẹ́.

Láti ayé àwọn bàbá wa la ti ń bi ara wa ní ìbéèrè yẹn, a ò sì fẹ́ ìdáhùn rí. Àwọn kan ní ológbò ni, àwọn kan ní àlùfáà ni. Ìdílé méjì wà nílùú wa tí wọn ò kí ara wọn nítorí ẹ̀. Ẹnìkan wá jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́!

"Wọ́n ti pa Peigi," ni Tena wí, ó bú sẹ́kún.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Ẹnìkan ju bisikíìtì lu aṣọ ibùsùn. Archie pe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun fẹ́ fẹjọ́ ìpànìyàn sùn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti pe ọlọ́pàá?" Archie pa fóònù, ó pe ọlọ́pàá. Fóònù ọlọ́pàá dún lẹ́yìn ọrùn Archie gan-an, torí pé ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ìlú wa jókòó sí, ó ń fi fìlà nu ojú. "Má wulẹ̀ sọ ọ́, Archie," ló wí. "Ó ṣojú mi."

Murdena ká ìborùn, ó lọ sílé, ó lọ jókòó ti fóònù. Fóònù ò dún.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo lọ kí i. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Kò pè," ló wí.

"Bóyá iṣẹ́ ni..."

"Má fi iṣẹ́ tàn mí, Lauchie. Ó wò ó. Ó wò ó, kò rí mi níbẹ̀. Ó ń rò pé irọ́ ni mò ń pa fún òun láti ọjọ́ yìí, pé ìyá òun ò ṣe nǹkan kan láyé. Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí wọra." Ó gbórí lé tábìlì, ó ń sunkún. Mo bá ń bu ṣúgà sínú tíì tí mi ò mu.

Ibẹ̀ la wà tí Tena fi wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, àwo búrẹ́dì ẹlẹ́yin wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Murdena, o kú ọ̀fọ̀ o. O kú ara fẹ́ra kù."

"Ọ̀fọ̀ ta?"

"Ti Peigi."

"Tena, èmi ni Peigi."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ́dọ̀ ẹ. Àbí ọ̀dọ̀ ta ló yẹ kí n lọ?"

"O wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ara mi?"

"Ta ló tún wá sún mọ́ ọn jù ẹ́ lọ?"

Murdena gba àwo lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, òótọ́ ló sọ.

Ohun tí àjèjì ò mọ̀ nípa wa rèé. Tí àwo búrẹ́dì ẹlẹ́yin àkọ́kọ́ bá ti wọ ilé kan nílùú wa, ọ̀fọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ẹni tó gbé e wá á so ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó rí ríbọ́ọ̀nù á lọ gbé àga. Ẹni tó rí àga á lọ gbé kéèkì. A kì í bèèrè ẹni tó kú, torí ẹni tó bá ń bèèrè, kì í ṣe ará ìlú. Kó tó di ọ̀sán, ilé Murdena ti kún fọ́fọ́. Wọ́n dá aago ògiri dúró, wọ́n fi aṣọ bo dígí, Tena lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé àga Peigi sí pálọ̀, wọ́n tẹ́ ìborùn dúdú yẹn lé e bí ẹni tẹ́ òkú. Ẹni tó bá wọlé á kúnlẹ̀ níwájú àga, á dìde, á bọ Murdena lọ́wọ́ pé kó mọ́kàn le. Archie wo ìborùn, ó wo Murdena, ó mi orí, ó ní, "Ṣe ló dà bíi pé ó sùn."

Murdena fúnra ẹ̀ ló ń bu tíì fún wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lé gbogbo wọn jáde.

"Tí mo bá lé wọn," ló wí, "ta ló máa bá mi jókòó ti fóònù?"

Wọ́n ránṣẹ́ sí Fádà Aucoin pé kó wá gbàdúrà. Fádà dé, ó wo àga, ojú ẹ̀ yí padà. "Tena, ẹni yìí ò gbé ayé rí. Mi ò lè gbàdúrà fún ẹni tí kò sí."

"Fádà," ni Tena wí, "ọmọ onínàákúnàá tí ẹ máa ń wàásù ẹ̀ fún wa lọ́dọọdún, kí lorúkọ bàbá ẹ̀?"

Fádà tún wo àga.

"Ará Samáríà tó ṣàánú yẹn ńkọ́? Ẹ bá mi mú un wá, kó wá jẹ búrẹ́dì."

Fádà yọ rósárì jáde nínú àpò, ó kúnlẹ̀.

Ọmọ-ọmọ Tena, ọmọge tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ya àwòrán ilé náà: ríbọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, mọ́tò tò lọ bẹẹrẹ létí títì. Ó gbé e sórí ayélujára, ó ní Gannet Cove ń ṣọ̀fọ̀. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ wa ní Alberta tí kò mọ ilé yẹn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé inú ẹ̀.

Nígbà tó yá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Murdena lọ kó igi ìdáná lẹ́yìnkùlé, ni fóònù bá dún. Fóònù tó ti ń retí láti àná! Tena ló gbé e.

"Ilé ọ̀fọ̀ rèé o," ló wí. Ó tẹ́tí díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, òótọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ àná ló lọ. Kò tilẹ̀ ráyè sọ gbólóhùn kan." Ó tún tẹ́tí. "Rárá o, kò jẹ̀rora. Ká kàn wò ó, kò sí mọ́." Ló bá bú sẹ́kún, ẹni tó wà lódìkejì náà bú sẹ́kún, wọ́n jọ sunkún títí fóònù fi já.

Murdena gbé igi wọlé. "Ta ló pè?"

"Ọkùnrin kan ni," ni Tena wí, ó ń nu imú. "Kò dárúkọ, ẹkún ò jẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn Peigi mà pọ̀ o."

"Kì í ṣe Roddie?"

"Roddie kẹ̀! Roddie mọ ẹkún sun?"

Murdena da igi sílẹ̀, ó jókòó lé e lórí. Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣolérí ń sunkún ara wọn. Peigi ni gbogbo ilé ń sunkún sí, Murdena ń sunkún ọmọ ẹ̀.

A tún ṣe é ní Túsìdeè, torí pé kéèkì ò tíì tán. Ní Wẹ́sìdeè, takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin gìrìwò kan bọ́ sílẹ̀, bàtà iṣẹ́ ló wọ̀, kóòtù dúdú tuntun wà lọ́rùn ẹ̀, ìwé iye owó ṣì ń fì lẹ́nu apá kóòtù ọ̀hún. Roddie ni. Ẹ wo bí gbogbo wa ṣe gọ̀ tó: Tena fọwọ́ gbá mi légbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ṣé o rí i? Kódà Roddie wá kí Peigi!" Èmi náà mi orí, mo ní ọmọ gidi ni.

Roddie ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gba àárín wa kọjá lọ sí pálọ̀, ó wólẹ̀ lórí eékún níwájú àga, ó gbé ìborùn ìyá ẹ̀, ó fi bojú.

"Màmá," ló wí, "ẹ dárí jì mí."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Orí mi wú. Mo wo Tena, Tena ń wo àjà. Murdena ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìdáná, àwo búrẹ́dì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dúró gbọnin lẹ́yìn ọmọ ẹ̀.

"Mo wò ó, Màmá," ni Roddie ń wí sínú ìborùn. "Mo pe gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ jọ sí ilé oúnjẹ ní kámpù. Mo ní kí wọ́n wá wo ohun tí ìyá mi ń ṣe. Mo ra bíà fún wọn. Mò ń sọ fún wọn pé, ẹ dúró, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Kò wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dìde dúró lórí tábìlì, mo sọ ọ́ fúnra mi, mo pariwo mọ́ wọn pé, 'Ta ló jẹ ṣáwá mi?' Wọ́n ní mo ti yó. Ojú tì mí, Màmá. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún yín lórí fóònù. Mo ní tó bá di ọjọ́ kejì, màá pè. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò ní dúró dè mí."

Kò sẹ́ni tí omi ò bọ́ lójú ẹ̀. Ọlọ́pàá jáde síta. Archie sọ sí mi létí pé, "Á ṣe Peigi dáadáa o, ọmọkùnrin yẹn." Mo gbá a létí.

"Roddie," ni Murdena wí, "dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Roddie yíjú padà. Igbe tó ké, rósárì bọ́ lọ́wọ́ Fádà. Ó fẹ̀yìn rìn, ó jókòó lé àga Peigi, ẹsẹ̀ àga kán, ó ṣubú lulẹ̀ gbìì.

"Ẹ ò kú?"

"Kí n kú kí inú ẹ lè dùn ni?"

"Ta ló wá kú?"

Gbogbo wa nawọ́ sí ìborùn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Peigi," la wí.

"Peigi!" Ó dìde, ó fẹ́ wá gbá mi lọ́rùn mú, Ọlọ́run ló yọ mí. "Bàálù mẹ́ta ni mo wọ̀! Mo sunkún láti Edmonton dé Halifax! Obìnrin tó jókòó tì mí gbé ọmọ ẹ̀ fún mi kí n lè rí nǹkan dì mọ́ra! Mo pe ilé yìí, obìnrin kan sọ fún mi pé òótọ́ ni!"

Tena ti ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn.

"O tiẹ̀ rówó bàálù!" Murdena gbé àwo búrẹ́dì kalẹ̀ gbàgà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kó pariwo báyẹn rí. "Gbogbo ìgbà ooru ni mo ń pè ẹ́, Roddie. Mo pè ẹ́ láàyè, iṣẹ́ pọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ láàyè, ó di ọdún tó ń bọ̀. Òkú ò pè ẹ́, o sáré dé! Ṣé dandan ni kí n kú kí n tó rí ẹ ni? Sọ fún mi! Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wí fún mi kí n mọ̀!"

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo ti ń sọ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀ lójú, láìpa á lówe. Roddie dorí kodò. Ó ń nu imú sí kóòtù tuntun.

Fóònù ẹ̀ wá dún lápò. Ọ̀gá ẹ̀ ní Alberta ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ariwo ni wọ́n máa ń fi sọ̀rọ̀, gbogbo pálọ̀ ló gbọ́ ohun tó ń wí.

"Roddie, kú ọ̀fọ̀ o. Ọ̀sẹ̀ kan tá a fún ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni ìsìnkú?"

Roddie wò wá. Tena, tó ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ sí juwọ́: sọ pé Sátidé, sọ pé Sátidé! Archie náà ń mi orí. Fádà yíjú sí ògiri kó má bàa jẹ́ ẹlẹ́rìí.

"Ọ̀gá," ni Roddie wí, "ìyá mi ò kú."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n dúró síwájú mi. Inú ń bí wọn."

"Ó dáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìsinmi ọ̀fọ̀ ni mo fún ẹ, kò sì sí ọ̀fọ̀ mọ́. Fúráídè, kí n rí ẹ níbi iṣẹ́."

Murdena kẹ̀yìn sí wa, ó ń kó ife jọ lórí tábìlì. Mo rí èjìká ẹ̀ bó ṣe wálẹ̀. Ó ti mọ ohun tí ọmọ ẹ̀ máa sọ, ó ti gbọ́ ọ rí ní gbogbo ìgbà ooru.

"Ọ̀gá, ẹ ò gbọ́ mi yé," ni Roddie wí. "Mo ní wọn ò kú. Ìyẹn gan-an ni mi ò ṣe ní wá." Ó pa fóònù.

Murdena ò yíjú padà. Ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kalẹ̀, ó gbé òmíràn, ó tún gbé ìyẹn náà kalẹ̀.

"Ẹ máa lọ sílé yín," ló wí.

"Murdena," ni Tena wí, "a ò tíì parí ọ̀fọ̀. Ká ṣáà..."

"Mo ní ẹ máa lọ sílé yín, Tena. Ọmọ mi dé."